Òrùlé 412, ilé 171: bí ètò iná ìlú Ìgbómìnà kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ forí ṣánpọ́n

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kò jìnnà sí ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé ogún ìlú ló wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí wọ́n á ní àwọn ni à ń bá wí. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu ni wọ́n ń gbìn, gààrí ni wọ́n ń tà jù. Òpó iná ti wà nílùú náà tipẹ́: òpó onígi 22 tí iṣẹ́ ìjọba kan rì mọ́lẹ̀, tí wáyà kò gun orí wọn rí. Ewúrẹ́ nìkan ló ń rí wọn lò, wọ́n ń lọ fi ara ha wọ́n. Wáyà 11 kV (fóltì 11,000) tó sún mọ́ wọn jù lọ parí sí ìlú tó múlé tì wọ́n, kìlómítà 9 síbẹ̀.

Ẹni mẹ́rin ló jókòó ti ètò náà: òṣìṣẹ́ elétò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin, ẹnì kan tó ń ṣojú ètò iná ìgbèríko ti ìjọba àpapọ̀, ẹnjiníà iléeṣẹ́ aládàáni tó fẹ́ dáwó lé iṣẹ́ náà, àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹta 2023, àti Òfin Iná Mànàmáná tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná láàárín ààlà tirẹ̀, ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé àti ibi tí kò dé. Ọ̀tọ̀ ni òfin tó fúnni láyè, ọ̀tọ̀ ni ìwé tó wà nílẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí elétò ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dé ìlú náà, gbogbo ohun tó mú lọ́wọ́ kò ju àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú lọ, àmì pupa sì wà lórí òrùlé kọ̀ọ̀kan. Kò sí iye èèyàn tó ṣeé gbára lé tó lè fi wé e. Ìkànìyàn tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe kẹ́yìn, 2006 ni.

Wáyà tàbí sólà

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, bàbá àgbà kan béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè káàkiri Kwara: "Ẹ̀yin ọmọ wa, iná tí wọ́n ń ṣe ní Jẹ́bà, ṣebí ilẹ̀ wa ló ń gbà kọjá lọ sí Òṣogbo? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè já díẹ̀ sílẹ̀ fún wa?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí elétò máa mú ìdáhùn rẹ̀ dání wá láti ilé. Wáyà tó ń ti Jẹ́bà bọ̀, 330,000 fóltì ló gbé. Kó tó di ohun tí gílóòbù lè fojú kàn, ó gbọ́dọ̀ dé ibùdó bíi ti Gánmọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di 132,000, kó wá di 33,000, kó di 11,000, kó tó di 415 lábẹ́ tiransifọ́mà àdúgbò. Ọkọ̀ òfuurufú ń gba orí ilé ẹni kọjá lójoojúmọ́, ìyẹn ò sọ pé kó bà sí àgbàlá gbéni.

Fífa wáyà láti ìlú kejì ló kù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kìlómítà 9, mítà 50 láti òpó sí òpó, òpó 181. Wáyà mẹ́ta, kìlómítà 27, ká tó fi ti ibi tó máa rọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú rò pé ọ̀nà jíjìn náà ni yóò sọ iná di aláìlágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí 11 kV, tiransifọ́mà 300 kVA (kVA ni wọ́n fi ń wọn ẹrù iná tó lè gbé) kò fa ju áḿpíà 16 lọ. Bí wáyà bá nípọn tó, fóltì tó máa ṣòfò sójú ọ̀nà yẹn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ìlú tí wọ́n fẹ́ fa iná láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí E, ìyẹn àwọn tí ìlànà NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 4 lóòjọ́, ó kéré tán. Wákàtí mẹ́rin ọ̀hún, òru ló sábà máa ń bọ́ sí. Bí a bá so ìlú mìíràn mọ́ ìdí irú wáyà bẹ́ẹ̀, wákàtí kò ní fi ìṣẹ́jú kan lé sí i, ẹrù ni yóò wúwo sí i. Ta ni yóò sì dìde ní aago 2 òru lọ rin ẹ̀gẹ́?

Báyìí ni wọ́n ṣe mú mini-grid sólà, ìyẹn iná sólà tí ìlú kan dá ní, pẹ̀lú òpó àti wáyà tirẹ̀. Ìpinnu yẹn dára, ẹnikẹ́ni ò jà á níyàn títí dòní. Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni bí wọ́n ṣe mọ iye sólà tí ìlú náà ń fẹ́.

Kíkà àkọ́kọ́

Ọjọ́ 27 sí ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ni wọ́n kà á. Àsìkò yẹn rọ gbogbo wọn lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ ti ti ilé-ìwé dé, àwọn olóyè wà nílé, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ń ṣe ìpàdé ọdọọdún rẹ̀. Àwòrán òfuurufú fi òrùlé 412 hàn, àwọn ọ̀dọ́ mú fóònù rìn yí ìlú ká, wọ́n ní òótọ́ ni, 412 ni. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan irú ohun èlò tó ní tàbí tó máa rà bí iná bá dé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ́sẹ̀ Kérésì á ti mọ irú èsì tí wọ́n gbọ́: tẹlifíṣọ̀n, fírísà, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ amúlétutù méjì. Kò sí ẹni tó ti Èkó dé tí yóò dúró níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ kó ní gílóòbù mẹ́ta ti tó òun.

Wọ́n fi yúníìtì 1 (kilowáàtì kan fún wákàtí kan) lóòjọ́ sórí òrùlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ti dín in kù nìyẹn. Ó jẹ́ 412. Wọ́n fi 88 kún un fún ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn kékeré àti kànga-dẹ̀rọ. Yúníìtì 500 lóòjọ́. Ní agbègbè Ìlọrin, bí a bá ti yọ èyí tí ooru, eruku àti wáyà máa jẹ, kilowáàtì pánẹ́ẹ̀lì kan ń mú nǹkan bí yúníìtì 4 wá lóòjọ́, tí a bá dá ọdún pọ̀. 500 pín sí ọ̀nà 4, kilowáàtì 125. Nínú pípín náà, kò sí àṣìṣe kankan.

Ẹnikẹ́ni ò sì ní ìdí láti bi 412 yẹn léèrè. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iye ilé tí wọ́n bá so iná sí ló ń tẹ̀ lé. Ilé púpọ̀, owó púpọ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kò fẹ́ kí ìlú wọn kéré lójú ìjọba, tìtorí pé ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti mọ̀ pé orí tí a bá kà ni wọ́n fi ń pín nǹkan nílẹ̀ yìí. Elétò ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀ ní àwòrán tó bá iye náà mu, ó ní àwòrán kì í purọ́. Àwòrán ò purọ́ lóòótọ́. Òrùlé 412 ló wà níbẹ̀. Kò kàn lè sọ ẹni tó sùn sábẹ́ wọn ni.

Ìyá tó ní ẹ̀rọ méjì

Ìlànà mini-grid tí NERC gbé jáde ní 2016, tó sì tún ṣe ní 2023, gba iléeṣẹ́ àti ìlú láyè láti jọ fẹnu kò lórí iye owó yúníìtì, bí àwọn tí yóò máa lo ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iná náà, ó kéré tán, bá fọwọ́ sí i. Kíyè sí i: ẹni tó ń lo iná ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọn ò ka òrùlé. Ẹni tó ń fi iná ṣiṣẹ́ wúwo ju onígílóòbù lọ nínú ìfọwọ́sí yẹn.

Ìpàdé náà wáyé ní gbọ̀ngán ìlú. Ìyá kan tó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ méjì dìde. Bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bí ₦1,000 ní lítà kan lásìkò yẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ mi kan ń mu lítà kan àbọ̀ ní wákàtí kan. ₦1,500 nìyẹn. Tiyín ńkọ́?"

Ẹnjiníà ní, "Mótò tó máa rọ́pò rẹ̀ á máa jẹ yúníìtì mẹ́rin ní wákàtí kan, mà."

Ìyá náà fi ìka ṣírò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ fi fóònù bá a yẹ̀ ẹ́ wò. ₦375. Ó ní bí yúníìtì kan bá ti lé ní iye yẹn, òun ń padà sídìí epo òun. Iye tí ètò kilowáàtì 125 bí sì ti kọjá rẹ̀. Ìyá ò tíì jókòó: "Àwọn ilé gogoro tí wọ́n tì pa lọ́hùn-ún yẹn, ta ló ń sanwó iná wọn?"

Ìbéèrè yẹn ló dojú ètò náà bolẹ̀. Sólà kì í ra epo lójoojúmọ́. Gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n ti ná kí iná tó tàn, lórí pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, ínfátà, òpó àti wáyà. Orí yúníìtì tí wọ́n bá tà ni wọ́n ti ń kó owó ọ̀hún padà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ fún 500 tí wọ́n ń ta 250, owó yúníìtì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó dà bí awakọ̀ tó ra bọ́ọ̀sì elérò 18 sí ọ̀nà tí èrò 9 péré ti ń wọ̀: àwọn 9 náà ni yóò sanwó ìjókòó tó ṣófo. Àwọn obìnrin alágààrí ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n wá máa sanwó iná ilé àwọn ará Èkó tí wọ́n tì pa.

Ìpàdé tú láìfọwọ́ sí nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ti fẹ́ kẹ́rù. Elétò ìpínlẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun ní oṣù méjì kí òun tún ìlú kà.

Kíkà kejì

Oṣù Kejì ni wọ́n lọ, nígbà tí kò sí ọdún, kò sí òkú àgbà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì: alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní aago 7 àbọ̀, àti Ọjọ́rú ní aago 11 àárọ̀. Alẹ́ ni wọ́n fi mọ ilé tí èèyàn ń sùn sí; ọ̀sán ni wọ́n fi mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó fẹ́ rà mọ́. Iye tó ń ná lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń béèrè: epo jẹnẹrétọ̀ kékeré, owó gbígba iná sí fóònù, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí yóò pa irọ́ nípa fírísà kì í sábà rántí láti pa irọ́ nípa owó tọ́ọ̀ṣì.

Fún ilé tí kò sí ẹni tó dáhùn, wọ́n ní àmì tí wọ́n ń wò. Ṣé ìgbálẹ̀ ti kan iwájú ilé náà lóòórọ̀ yẹn? Ilẹ̀ tí wọ́n gbá máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé eérú ààrò rọ̀ tàbí òjò ti lù ú le? Ṣé omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù? Wo àgádágodo: ti ilé tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́ máa ń dán lẹ́nu ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ilé olókè méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tí wọ́n ti kọ yúníìtì 6 sí lóòjọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú di àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí òjò, wọ́n sì fi rọ́bà so ó. Koríko ti hù láàárín àtẹ̀gùn. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ọ ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé, rédíò àti gílóòbù kan ni tirẹ̀.

Nínú òrùlé 412, ilé tí èèyàn ń gbé jálẹ̀ ọdún jẹ́ 171. Èyí tí wọ́n ń ṣí ní Kérésì, Iléyá, Àjíǹde tàbí bí òkú bá ṣẹlẹ̀ jẹ́ 128. Èyí tó kù, 113, ilé ìdáná, ilé tí kò tíì parí, ṣọ́ọ̀bù àti àwókù ni.

Ìṣírò wá yí padà pátápátá. Ilé 171, yúníìtì 0.9 lọ́kọ̀ọ̀kan, 154. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ mẹ́rin, yúníìtì 4 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, 48. Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta, 18. Fírísà àwọn olómi tútù mẹ́fà, 15. Wẹ́dà kan, 10. Kànga-dẹ̀rọ, 7.5. Ilé ìwòsàn, ilé-ìwé, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, 20. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní 272. Wọ́n fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún èyí tó máa ṣòfò, ó di 300. Ìwọ̀n 75 kilowáàtì ni ìyẹn. Wọ́n gbé e sí 80, pánẹ́ẹ̀lì 146 tó jẹ́ wáàtì 550 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọjú wọn sí gúúsù, wọ́n dẹ̀ wọ́n ní dígírì 12, ó sàn ju kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ lọ, kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ lára wọn.

Bátìrì: ohun tí ìlú ń lò láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ tó nǹkan bí yúníìtì 110. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọn ò fẹ́ lò kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ tó 138. Wọ́n ra 160. Ká ní bátìrì olómi àtijọ́ ni, tí kò yẹ kó kọjá ìlàjì, 220 ni wọn ì bá rà, wọn ì bá sì tún un rà kí ọdún tó pọ̀.

Oṣù Kẹjọ ni ibi tó le. Nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kilowáàtì kan kì í mú ju yúníìtì 3 wá. 80 lọ́nà 3, 240. Ó ku 60 lóòjọ́. Wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ dísù 40 kVA tì í, tó máa jẹ nǹkan bí lítà 20 fún 60 yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sólà tí yóò tó oṣù Kẹjọ láìfi dísù ràn án, oṣù mọ́kànlá tó kù ni yóò fi máa da oòrùn nù.

Ilé Èkó

Ìjà wà níbí. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tó wà ní Èkó ló ń dá owó tó pọ̀ jù nílùú. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti yọ ilé àwọn kúrò, inú bí wọn. Wọ́n ní ṣé àwọn kì í ṣe ọmọ ìlú ni? Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà ní agbede méjì.

Bí ilé 128 bá ṣí pọ̀ ní Kérésì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ yúníìtì 1.8, 230 lé sórí ti ojoojúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì kilowáàtì 58 ni yóò pèsè ìyẹn, tí yóò sì máa wo ojú ọ̀run lásán ní ọjọ́ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́wàá, dísù rẹ̀ kò ju nǹkan bí lítà 770 lọ. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lé e.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nìyí: wáyà dé ẹnu ọ̀nà ilé Èkó kọ̀ọ̀kan, mítà rẹ̀ wà lára ògiri, onílé ń san owó ìdúró kékeré lóṣooṣù yálà ó wà nílé tàbí kò sí. Bó bá dé, mítà náà kò ní gbé ju kilowáàtì 1 lọ. Gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù á ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù, rárá. Yúníìtì àsìkò ọdún wọ́n ju ti ojoojúmọ́ lọ, torí dísù ló ń pèsè rẹ̀. Wọ́n kùn, wọ́n sì gbà.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ elétò máa ń gbàgbé. Kérésì kì í kúrò lójú kan, ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń bá a. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, àárín òjò. Nígbà tí bátìrì yẹn bá gbó, Iléyá á ti dé inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwé dísù ọdún kìíní kò lè jẹ́ ti ọdún kẹwàá. Ní ìlú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé bíi tiwa, kàlẹ́ńdà méjì ni elétò gbọ́dọ̀ gbé kọ́ ògiri.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò náà súnkì. Kilowáàtì 125 ti kọjá 100, ó di dandan kí iléeṣẹ́ gba ìwé àṣẹ NERC. 80 kò tó 100. Wọ́n lè kàn forúkọ sílẹ̀ lásán. Ẹnjiníà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé kékeré ni. Elétò ìpínlẹ̀ kọ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni ìlànà dáàbò bò bí wáyà ìjọba bá dé lọ́jọ́ kan. Ó tún takú lórí òpó: ó ní kí òpó ojú títì jẹ́ ti ẹsẹ̀ bàtà 34, dípò 28 tó tó fún wáyà kékeré, kí ààyè lè wà lókè fún 11 kV. Iléeṣẹ́ kùn nítorí owó. Òpó onígi 22 tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi òòlù lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ bóyá inú wọn ń dún kokoko tàbí bò-ò, wọ́n gbẹ́ ìdí wọn, wọ́n fi sikurudiráfà gún wọn níbi tí ilẹ̀ ti pàdé igi. 6 ló ṣeé lò.

Ọ̀sán tí gbogbo ìlú ṣókùnkùn

Iná tàn, ìlú jó. Ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ọjà ku ọ̀la, ní kété tí wọ́n kírun àílà tán, iná lọ. Wọ́n dá a padà, ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sàn-án kan, oòrùn sì ń ràn kárakára. Ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà ni pé sólà kò lágbára ẹ̀gẹ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Mótò kilowáàtì 5.5 ń fa nǹkan bí áḿpíà 11 bó bá ti ń yí. Nígbà tó bá ń gbéra, á fa ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn, 66, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ínfátà 60 kVA tí wọ́n gbé kalẹ̀, áḿpíà 87 ni agbára rẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mótò kan gbéra, ó fara dà á. Ìrun àílà ló kó àwọn ẹlẹ́rọ jọ: wọ́n jọ kírun, wọ́n jọ dé, wọ́n jọ tan ẹ̀rọ. Méjì lẹ́ẹ̀kan náà, 132. Ínfátà ṣe ohun tí wọ́n ṣe é fún, ó pa ara rẹ̀. Wọ́n fi àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní soft starter sára mótò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń jẹ́ kí mótò gbéra díẹ̀díẹ̀. Ìfà wá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 33. Ó yẹ kó ti wà nínú ìwé ohun tí wọ́n máa rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ka mótò sí ẹrù bí gílóòbù, wọ́n kọ kilowáàtì rẹ̀, wọn ò kọ bó ṣe ń gbéra.

Ẹ̀sùn kejì kò sì kan iná rárá. Àwọn obìnrin ní ẹ̀gẹ́ kò kúnná bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ epo wọn ń yí ní nǹkan bí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, púlì íńṣì 3 lára rẹ̀, íńṣì 6 lára ìrinsẹ́: ìrinsẹ́ ń yí ní 1,500. Mótò tuntun kì í yí ju 1,440 lọ, wọ́n sì so ó mọ́ púlì àtijọ́. Ìrinsẹ́ di 720. Wọ́n yọ púlì íńṣì 3, wọ́n fi íńṣì 6 sí i, ó padà sí 1,440. Owó púlì kò tó owó oúnjẹ ìpàdé kan ṣoṣo nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ṣe, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi pe sólà ní aláìlágbára. Iléeṣẹ́ tún dín owó yúníìtì kù láti aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, nígbà tí iná ń bọ̀ tààrà láti ojú oòrùn láìgba inú bátìrì. Rínrin ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kó wá sáàárín àsìkò yẹn, láìsí òfin.

Lọ́rì òpó

Oṣù 14 lẹ́yìn tí iná tàn, lọ́rì méjì já òpó kọnkéré sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Iṣẹ́ agbègbè aṣòfin ni: 11 kV láti ìlú kejì, kìlómítà 9 kan náà tí wọ́n ti ṣírò tí wọ́n sì ti gbé tì. Kò sí ẹni tó sọ fún elétò ìpínlẹ̀. Ẹni tó kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ìṣúná kò mọ̀ pé iná ti wà níbẹ̀. Apá kan ìjọba san owó ìrànwọ́ lórí sólà, apá kejì ń ra òpó sí ìlú kan náà. Kí elétò ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí mini-grid kan, ó yẹ kó ti ka ìwé ìṣúná àwọn aṣòfin agbègbè náà láti orí dé ìdí, kó sì fi àmì ìlú tó ti ní iná ránṣẹ́ sí wọn. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹyọ ìwé kan ì bá ti tó.

Ọkàn àwọn oníṣẹ́ iléeṣẹ́ já. Ìgbà yẹn ni ìwé àṣẹ tí wọ́n kùn sí di ohun tí wọ́n ń wá nínú fáìlì. Ìlànà NERC ti rí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: bí wáyà ńlá bá dé bá ẹni tó níwèé àṣẹ, wọ́n lè so méjèèjì pọ̀, tàbí kí iléeṣẹ́ apíniná gba ohun èlò rẹ̀ kí wọ́n sì san owó fún un. Òpó ẹsẹ̀ bàtà 34 sì ti dúró lójú títì, ààyè òkè wọn ṣófo. Òpó kọnkéré tó wọ ìlú kò ju ìwọ̀nba lọ mọ́. Wọ́n gbé 11 kV gun òpó iléeṣẹ́.

Ẹnjiníà tún ìṣírò àtijọ́ ṣí. Wákàtí 4 òru tí kò wúlò fún ẹ̀gẹ́, bí wọ́n bá fi gba iná sínú bátìrì ní kilowáàtì 15, 60 ni. 60 náà gan-an ni oṣù Kẹjọ ń bù kù lóòjọ́.

Wọ́n ti gbé tiransifọ́mà kọ́ òpó, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè sì ti fi ọgbà yí i ká. Ohun tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí ni swíìṣì tó wà láàárín wáyà méjèèjì. Bí wáyà ńlá bá kú, swíìṣì yẹn gbọ́dọ̀ ya ìlú kúrò lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná sólà á sá padà sórí 11 kV níbi tí òṣìṣẹ́ apíniná ti lè gun òpó láìfura. Iléeṣẹ́ apíniná ní ọwọ́ àwọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ní ìlú kejì. Iléeṣẹ́ sólà ní bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní kìlómítà 9, ta ni yóò ṣí i ní aago 2 òru?